Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ onímàlúù ọgbà l'Ẹ̀pẹ́: ẹ dá abẹ́rẹ́ àjẹsára padà kí tírélà Iléyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, Alhaji Alága, Akọ̀wé, Akápò, àti gbogbo ìgbìmọ̀ aláṣẹ,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú àmójútó ẹran, ẹ kú òjò.

Ìkéde tí ẹ fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ló fa lẹ́tà yìí. Ẹ ní ẹgbẹ́ kò ní í dá owó abẹ́rẹ́ àjẹsára jọ mọ́ láti ọdún yìí lọ. Ìdí mẹ́ta lẹ tò sílẹ̀. Ẹ ní oṣù mẹ́ta péré ni màlúù ń lò nínú ọgbà kí alápatà tó gbé e. Ẹ ní àwọn kan tó gba abẹ́rẹ́ lọ́dún tó kọjá kú síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ tún ní kí oníkálukú máa gún oxytetracycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fún ẹran tirẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá dá. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ó fi gbẹ́ borehole.

Borehole dára, a ò bá a jà. Ṣùgbọ́n nínú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkejì nìkan ló ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Àwọn méjì yòókù kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A kọ lẹ́tà yìí sí gbangba nítorí pé ẹran yín kì í pẹ́ lọ́gbà yín. Ó ń dé orí igbá ní Ayétòrò, ó ń dé ìkòkò ọbẹ̀ láti Ìtòìkín títí dé Ìbẹ̀jù, àwọn tó sì ń jẹ ẹ́ kò sí nínú WhatsApp ẹgbẹ́ yín.

1. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́. Màlúù tó wọ tírélà ní Maigatari tàbí ní Mubi, lápá àríwá, máa ń lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lójú ọ̀nà, lórí ìdúró, omi díẹ̀, oúnjẹ ò sí. Oríṣi màlúù ló jọ há síbẹ̀: Bùnájì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gúdálì, Gúdálì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rahájì, ẹran ọjà mẹ́ta mẹ́rin nínú ọkọ̀ kan, tí wọ́n ń mí sí ara wọn lójú. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Mannheimia haemolytica. Ọ̀nà ọ̀fun màlúù tó lera ló ń gbé, kì í sì í ṣe é ní nǹkan kan. Bí ìrìn àjò bá ti tán ẹran lókun báyìí, kòkòrò náà á pọ̀ yanturu, á sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́, ikun imú, etí tó rọ̀ sílẹ̀, màlúù kan tó dá dúró lẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù ti sáré dé ìdí ọpọ́n: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń hàn. Àwọn ọmọ ọgbà á ní ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Àrùn ọ̀fun wíwú, tí ìwé ń pè ní haemorrhagic septicaemia, lè pa màlúù láàárín wákàtí 24. Blackleg, àrùn tó ń mú itan tàbí èjìká màlúù wú, kì í sábà ju ọjọ́ méjì lọ. Ántíráàsì, láti ọjọ́ tó wọlé sí ọjọ́ tó pa á, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Èwo nínú wọn ló ń dúró de oṣù mẹ́ta?

Ìṣirò yín ìbá tọ̀nà bó bá jẹ́ brucellosis là ń sọ. Ìyẹn jẹ́ àrùn màlúù tí wọ́n ń sìn fún bíbí, ọmọ màlúù abo ni wọ́n sì ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún. A ò béèrè rẹ̀ fún akọ màlúù tí ẹ ń bọ́ sanra, a ò sì ní í béèrè rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ti yí padà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ka fífi màlúù jẹko kiri léèwọ̀. Inú ọgbà ni ẹran wà báyìí. Màlúù tó ń jẹko ní pápá lè fi ibùsọ̀ kan jìnnà sí ẹnìkejì rẹ̀. Màlúù 60 tó ń mu omi nínú ọpọ́n kan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

2. Àrùn mẹ́rin tí a ń béèrè abẹ́rẹ́ wọn

Ántíráàsì ló burú jù, nítorí pé ó ń pa ènìyàn mọ́ ẹran. Kòkòrò rẹ̀, Bacillus anthracis, bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á wọ inú èèpo líle kan tí wọ́n ń pè ní spore, á sì máa gbé inú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìkú. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló wà nídìí ikú ẹran ní oko kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú, ní etí àti ní ìdí wọn. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Ghana, ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ti kìlọ̀ fún aráàlú nípa pọ̀nmọ́ àti ẹran tí wọ́n fi èéfín gbẹ. Púpọ̀ nínú tírélà tó ń kó ẹran wá bá wa ló ń gba ìpínlẹ̀ Niger kọjá.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Max Sterne ló ṣe é ní Onderstepoort, ní Gúúsù Áfíríkà, láàárín àwọn ọdún 1930. Kòkòrò ántíráàsì náà ni, àmọ́ ó ti bọ́ èwù tó fi ń sá fún ẹ̀ṣọ́ ara. Irú 34F2 rẹ̀ yìí náà la ṣì ń gún títí dòní: 1 ml fún màlúù, lábẹ́ awọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. NVRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, tó ti wà láti ọdún 1924, ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí.

Blackleg fẹ́ràn àwọn ọ̀dọ́ màlúù tó wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 2, pàápàá èyí tó sanra jù nínú wọn, èyí tí ẹ ti ń wò pé owó wà lára rẹ̀. Á kọ́kọ́ tiro. Itan tàbí èjìká kan á wú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi tó wú náà: á máa ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ bí ìgbà tí ènìyàn ń rún ọ̀rá. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹran ara níbẹ̀, tí kòkòrò Clostridium chauvoei ń ṣe. Ìgbà tí ẹ bá ti gbọ́ ìró yẹn, ó ṣọ̀wọ́n kí oògùn tó lè gbà á.

Ọ̀fun wíwú wà fún ìgbà òjò. Ọ̀fun á wú títí dé àyà, itọ́ á máa dà, màlúù á máa mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ẹ̀pẹ́ kò ṣaláìní òjò.

CBPP ni ìkẹrin, àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù tó ń ràn, tí àwọn Hausa ń pè ní ciwon huhu. Ẹ bi àwọn alápatà yín léèrè, wọ́n mọ̀ ọ́n: ẹ̀dọ̀fóró tó lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, tó jẹ́ pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń là á, omi ofeefee tó kún àyà. Kì í ran ènìyàn. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹran kó tó hàn, nítorí náà ẹran tó dára lójú lọ́jọ́ tó wọlé lè máa gbé e kiri. Màlúù tó bá ní in tí kò kú, á máa jẹ dùsá (èérí ọkà) yín lójoojúmọ́ kò sì ní í sanra. Bóyá èyí ló yẹ kó dun Akápò jù.

3. "Wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọ́n tún kú"

Òótọ́ ni. Ibí yìí la ó ti pẹ́ díẹ̀, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́rẹ́ ti kú kí màlúù tó kú.

Abẹ́rẹ́ mẹ́rin yìí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Ti ántíráàsì àti ti CBPP, kòkòrò alààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú wọn. Ti blackleg àti ti ọ̀fun wíwú, kòkòrò òkú ni, wọ́n sì sábà máa ń pò ó mọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ alum kí ara ẹran lè tètè kọbi ara sí i. Gbogbo wọn ló fẹ́ ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí Celsius. Ti CBPP tó jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ lè wọ fírísà, kò ní nǹkan kan tó máa ṣe é. Ti blackleg àti ọ̀fun wíwú kò gbọ́dọ̀ dì láéláé. Bó bá dì lẹ́ẹ̀kan, ó parí, bó tilẹ̀ yọ́ padà. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà kan, wọ́n á da yìnyín lé e lórí ní ìhòòhò, wọ́n á ní "ó tutù dáadáa". Ó tutù jù.

Ẹni tí kò bá gbà gbọ́ lè dán an wò. Ẹ mú ìgò méjì abẹ́rẹ́ alálum kan náà, báàṣì kan náà, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọ̀kan sínú fírísà kó dì mọ́jú, kó sì yọ́. Ẹ di méjèèjì mú lọ́wọ́ kan, ẹ mì wọ́n dáadáa, ẹ gbé wọn sórí tábìlì tí kò mì. Kí ìdajì wákàtí tó pé, èyí tó dì rí á ti tòrò: òkè rẹ̀ á mọ́ bí omi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun á sì wà nísàlẹ̀ bí ògì tó ti sílẹ̀. Èyí tí kò dì rí á ṣì ṣe bí omi wàrà láti òkè délẹ̀. (Alálum nìkan ni o. Abẹ́rẹ́ elépo kò ṣe é dán wò báyìí.) Bí ìgò tí wọ́n gbé wá fún yín bá ti ń ṣe bí ìgò àkọ́kọ́ yẹn, omi lásán lẹ gún fún màlúù.

Àwọn àṣìṣe yòókù rèé, bí a ti ń bá wọn pàdé lọ́gbà:

Wọ́n po CBPP ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n ṣì ń gún un ní aago méjìlá. Tí a bá ti da omi iyọ̀ tútù sí i, láàárín wákàtí kan sí méjì ló gbọ́dọ̀ tán, inú òjìji, lórí yìnyín tí a fi ìwé ìròyìn wé.

Wọ́n fi sípírítì tàbí Izal fọ síríńjì kí ó lè "mọ́". Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú síríńjì yẹn á pa kòkòrò alààyè tó wà nínú abẹ́rẹ́. Omi gbígbóná ni kí wọ́n fi sè é fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n jẹ́ kó tutù.

Wọ́n gún ẹran lọ́jọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú tírélà gan-an. Ara tó ti rẹ̀ kò lè dáhùn sí abẹ́rẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé àrùn ti wà lára rẹ̀ láti ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n á dá lẹ́bi.

Ẹran tó ní sammore, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, kì í dáhùn sí àjẹsára bó ti yẹ. Ẹ̀bá ọ̀sà la wà, eṣinṣin tsetse kò jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ná.

Wọ́n gún ti kòkòrò òkú lẹ́ẹ̀kan níbi tí ìwé inú páálí ti sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni. Èyí àkọ́kọ́ wulẹ̀ jí ara lójú oorun ni. Èyí ìkejì ló ń gba ẹran.

Nínú gbogbo èyí, a ò rí ibi tí ẹ̀bi ti jẹ́ ti abẹ́rẹ́.

4. Oxytetracycline kì í ṣe àjẹsára

A ò kórìíra oxytetracycline. Bí màlúù bá ti ní ibà ẹ̀dọ̀fóró tí ẹ tètè rí i, ó wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó ń pẹ́ lára jù, tí wọ́n ń gún ní 20 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni agbára rẹ̀ fi ń wà. Lọ́jọ́ karùn-ún, màlúù ti padà wà ní ìhòòhò. Ẹran tó ní ántíráàsì tàbí ọ̀fun wíwú kì í sì í fúnni láyè láti "rí i pé ara rẹ̀ kò dá". Àárọ̀ ni ẹ máa bá a nílẹ̀.

Ohun tó wá burú jù ni pé ó ń pa àjẹsára alààyè. Ẹni tó gún oxytetracycline lónìí tó gún ántíráàsì tàbí CBPP lọ́la ti pa abẹ́rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín wọn, bó ti wù kó jẹ́, ìyẹn ṣáájú àti lẹ́yìn. Àwọn kan ti fọ́ pẹnisílíìnì lé e fún CBPP. Owó ṣòfò nìyẹn: pẹnisílíìnì ń wó ògiri ara kòkòrò ni, Mycoplasma, kòkòrò tó ń fa CBPP, kò sì ní ògiri kankan.

Ó tún ku ọjọ́ 28 tí ìwé oxytetracycline tó ń pẹ́ lára ní kí a dúró kí a tó pa ẹran. Ta ló ń kà á? Màlúù tí ara rẹ̀ kò dá ni wọ́n ń tètè tà, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oògùn náà wà nínú ẹran tí ìyá ọmọ ń gé sínú ọbẹ̀.

5. "Oníkálukú" kò lè ṣe é

Èyí ni kókó tí ìkéde yín fò kọjá, òun sì ni olórí ọ̀rọ̀ wa. Ìgò abẹ́rẹ́ kì í wá ní ti màlúù mẹ́jọ. Ti 50 ló ń wá, tàbí ti 100. Ẹni tó ní màlúù mẹ́jọ kò ní í ra ti 100. Bó bá sì rà á, á gún mẹ́jọ, á gbé 92 padà sínú fíríìjì, á tún mú un jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. CBPP tí a ti pò kò lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ká ní ọgbà márùn-ún jọ wà lójú ọ̀nà kan, pẹ̀lú màlúù 8, 14, 20, 22 àti 30. Ìyẹn jẹ́ 94. Ìgò kan ti 100, àárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà kan, kúlà kan, mẹ́fà péré ló ṣòfò. Ohun tí owó ẹgbẹ́ ń ṣe nìyẹn tí kò sí ẹnì kan tó lè dá ṣe. Ìgbà tí ẹ ní kí oníkálukú lọ ṣe tirẹ̀, ẹ ti sọ pé kí àwọn tí màlúù wọn kéré má ṣe é rárá, ọgbà wọn sì fara kan tàwọn olówó ńlá. Àrùn ìgbẹ́ màlúù, tí wọ́n ń pè ní rinderpest, tí gbogbo ayé kéde ní 2011 pé ó ti tán pátápátá, kì í ṣe oníkálukú ló lé e lọ.

6. Bí ètò ṣe yẹ kó lọ, àti ìṣirò Iléyá

Lọ́jọ́ tí ẹran bá dé, omi ni kó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà koríko gbígbẹ. Ẹ má ṣe da dùsá tàbí èérí ìrẹsì síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú tó ti ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta á kan, ẹran á wú. Kó wà ní ọgbà àdádó fún ọjọ́ 21, pẹ̀lú ọpọ́n tirẹ̀ àti ẹni tó ń bọ́ ọ tí kì í ti ibẹ̀ wọ ọgbà ńlá.

Ọjọ́ karùn-ún, ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, ẹ fi tẹmómítà sí ìdí rẹ̀. Èyí tó bá ju 39.5 lọ, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má gún un. Àwọn yòókù á gba ántíráàsì ní apá òsì ọrùn, ọ̀fun wíwú ní apá ọ̀tún. Ọjọ́ 19, CBPP àti blackleg. Èyí tó bá nílò ìkejì, ẹ tẹ̀ lé ìwé inú páálí rẹ̀. Dókítà ọgbà yín lè tún ètò yìí tò gẹ́gẹ́ bí ẹran bá ṣe rí. A ò ní kó má yí i.

Ọrùn la ní o, kì í ṣe ìdí. Èyí tí wọ́n gún sí ìdí á di ìkójọ ọyún níbi tí ẹran ti wọ́n jù. Irin abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16, kó má gùn ju ínṣì kan lọ. Ẹ gbé awọ sókè bí ẹni gbé etí àgbádá, kí irin wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ irin lẹ́yìn màlúù mẹ́wàá. Irin tó ti wọ ara ẹran kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìgò: ẹ fi irin kan sílẹ̀ lẹ́nu ìgò fún fífà nìkan. Gbogbo èyí kò ṣe é ṣe láìsí ọ̀nà tóóró onígi tí ẹran lè tò sí. Kó fẹ̀ tó 70 sẹ̀ǹtímítà, kí òkè rẹ̀ ṣí díẹ̀ nítorí ìwo Bùnájì. Níbi tí kò bá ti sí, géńdé mẹ́rin ló ń gbé màlúù ṣubú, ìdajì abẹ́rẹ́ á sì dà sílẹ̀.

Ní ti Iléyá: lórí ọ̀pọ̀ páálí ántíráàsì, ọjọ́ 42 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín abẹ́rẹ́ àti pípa. Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún ìsinmi kún un, ó di 47. Nítorí náà màlúù tí kò bá ì tíì wọ ọgbà ní ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú Iléyá, kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ ántíráàsì níbí mọ́. Ẹ ra èyí tó ti gbà á lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ìwé dókítà ẹran tó ní nọ́ńbà báàṣì àti ọjọ́. A mọ̀ pé ẹran tó ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Iléyá ló ń mówó wọlé jù. A sì mọ̀ pé nígbà Iléyá àti Kayokayo, ọdún ìlú Ẹ̀pẹ́, iwájú ilé ni wọ́n ti ń dúńbú, kò sí ẹni tó ń yẹ ẹran wò bí ti ilé ìpẹran. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ṣe pàtàkì lásìkò yẹn ju ìgbà kígbà lọ.

7. Bí màlúù bá kú lójijì

Ẹ má dú u. Ẹ má bó o. Ẹ má pe alápatà. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ní imú tàbí ìdí, tí òkú ẹran náà wú kíákíá tí kò sì le gan-an, ántíráàsì ni kí ẹ kà á sí títí dókítà yóò fi sọ pé kì í ṣe òun. Ọ̀bẹ ló ń ṣí kòkòrò náà sí afẹ́fẹ́ tó fi ń wọ inú èèpo líle rẹ̀. Pọ̀nmọ́ sísun kò tó láti pa á.

Àwọn kan ń gbẹ́ kòtò, wọ́n ń da láìmù lé e. Ẹ má lo láìmù: kálísíọ́mù inú rẹ̀ ń ran spore lọ́wọ́ láti pẹ́ nínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kòtò mítà méjì létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, kí ẹ tó gbẹ́ ẹ tán omi ti ń sun. Sísun dáadáa títí yóò fi di eérú ló dára jù. Bí kò bá ṣe é ṣe, ilẹ̀ gíga tó jìnnà sí kànga. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan irú ẹran bẹ́ẹ̀, tí egbò kan yọ lára rẹ̀ tí àárín rẹ̀ dúdú tí kò sì dun ún, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí a bá tètè lọ.

8. Ìgbẹ́ màlúù àti borehole yín

Kòkòrò kan tún ń gbé inú ìfun màlúù, E. coli O157:H7. Kì í ṣe màlúù ní nǹkan kan, àmọ́ ó lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́. Ọdún 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Walkerton, ní Kánádà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá gbá ìgbẹ́ màlúù wọ kànga ìlú: ènìyàn méje kú, àwọn tó ṣàìsàn lé ní 2,000. Wọ́n ti ṣe àjẹsára rẹ̀ fún màlúù. Kánádà fọwọ́ sí ọ̀kan ní 2008, Amẹ́ríkà fún òmíràn ní ìyọ̀ǹda onígbà díẹ̀ ní 2009. Àwọn onímàlúù kò fi bẹ́ẹ̀ rà á, torí pé kò fi kílò kan kún màlúù wọn.

A ò ní kẹ́ ẹ ra ìyẹn. A mẹ́nu bà á torí borehole tí ẹ fẹ́ gbẹ́, àti torí àwọn tó ń ra ìgbẹ́ màlúù yín fún oko ẹ̀fọ́. Ẹ jẹ́ kí òkìtì ìgbẹ́ jìnnà sí orí omi, kó wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi ń ṣàn sí. Kí ẹ tó tà á, ẹ kó o jọ kó gbóná tó ìwọ̀n 55 láàárín fún ọjọ́ 15, kí ẹ sì yí i ní ìgbà márùn-ún ó kéré tán. Àìṣe èyí, owó abẹ́rẹ́ tí ẹ fi gbẹ́ borehole á wá di omi àìsàn.

9. Ohun tí a ń béèrè

Kí ẹ fagi lé ìkéde náà nínú ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí owó abẹ́rẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí a ka a ní orí màlúù, kí ẹni tó ní mẹ́jọ san ti mẹ́jọ. Kí ẹ ra fíríìjì kan tó ń lo oòrùn, fún abẹ́rẹ́ nìkan, kì í ṣe fún omi tútù ìpàdé, kí tẹmómítà wà nínú rẹ̀ tí ẹnì kan ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí ẹ kan ọ̀nà tóóró onígi kan tí ọgbà márùn-ún lè jọ máa lò. Kí ìwé kan wà: nọ́ńbà etí màlúù, irú abẹ́rẹ́, báàṣì, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ọjọ́ tí a gún un, ọjọ́ tó yẹ fún pípa. Kí alápatà tó bá fẹ́ wò ó rí i wò. Kí àwọn ìyá oní-pọ̀nmọ́ sì ní aṣojú nínú ìpàdé náà.

Borehole lè tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ní kó má tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a wá fi ìgò méjì yẹn hàn òun lórí tábìlì tirẹ̀, kó dá ọjọ́. Kò gba ju ìdajì wákàtí lọ.

Àwa dókítà ẹran àti òṣìṣẹ́ ìlera ẹran,
agbègbè Ẹ̀pẹ́